Ẹ má tẹ zoom sí Ben-Hur o

Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará wa, ẹ jẹ́ n tètè sọ nǹkan yìí. Fíìmù Ben-Hur ti 1959 tá a máa ń wò n'Iléṣà lásìkò Ọdún Àjíǹde, lórí kásẹ́ẹ̀tì tójú èèyàn ò ti hàn dáadáa, mo tún un wò lórí Blu-ray, díìsìkì tí àwòrán ẹ̀ máa ń mọ́ kedere yẹn, lọ́sẹ̀ tó kọjá, háà, àṣé mi ò tíì rí fíìmù yẹn rí! Níbi tí wọ́n ti ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin sáré yẹn, eruku, òógùn, àwọn èrò tó jókòó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, gbogbo ẹ̀ ló hàn kedere. Fíìmù fífẹ̀ 65mm ni wọ́n fi yà á, kásẹ́ẹ̀tì ò lè gbé e.

Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́ wò ó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ zoom tó ń fẹ àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n. Dúdú tó wà lókè àti nísàlẹ̀ yẹn kì í ṣe àléébù, àwòrán yẹn ló fẹ̀, fífẹ̀ ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́ta gíga ẹ̀, tẹ́ ẹ bá fà á, ẹ̀gbẹ́ méjèèjì á gé dànù. Ẹ wá wọ settings tẹlifíṣọ̀n yín, ẹ pa motion smoothing, ìyẹn ètò tó ń mú kí àwòrán máa yọ̀ lọ geere, òun ló ń jẹ́ kí fíìmù dà bí ìgbà tí wọ́n ń ka ìròyìn, mo kórìíra ẹ̀ gan-an ni. Wáyà HDMI ni kẹ́ ẹ fi so ẹ̀rọ Blu-ray mọ́ tẹlifíṣọ̀n o, kì í ṣe olórí mẹ́ta pupa, yẹ́lò, funfun yẹn.

Bíi wákàtí mẹ́ta àtààbọ̀ ni, ẹ rí i pé inverter ti kún. Intermission, ìyẹn ìsinmi díẹ̀, wà láàárín fíìmù, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti dìde lọ bu iyán.