Bí mo ṣe fi fóònù àtijọ́ ṣe iṣẹ́ ẹ̀rọ atọpa ẹyẹ òkun ní Yábà

Ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní Arctic tern kò wúwo ju nǹkan bíi 100 giramu lọ, síbẹ̀ ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2010 fi hàn pé, ní ìpíndọ́gba, ó ń rin 70,900 kìlómítà láàárín ọdún kan, láti Greenland lọ sí òkun Antarctica àti àbọ̀. Ẹ̀rọ tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 1.4 giramu péré. Kò ní GPS, kò sì fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ ló ń wọ̀n, tó sì ń kọ àkókò rẹ̀ sílẹ̀, títí wọn yóò fi tún ẹyẹ náà mú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ó wù mí láti mọ bí a ṣe lè gbára lé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tó ní agbègbè tiwa, ni mo bá dán iṣẹ́ rẹ̀ wò lórí òrùlé ilé tí mo ń gbé ní Yábà.

Ìṣírò tó ń fi àkókò ìmọ́lẹ̀ yìí mọ ibi tí ẹyẹ náà wà dúró lórí ohun méjì. Àárín méjì ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ àti ìgbà tí ilẹ̀ ṣú ni ọ̀sán gangan, ọ̀sán gangan yìí sì máa ń fi ìṣẹ́jú mẹ́rin yàtọ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan tí ènìyàn bá rìn lọ sí ìlà-oòrùn tàbí ìwọ̀-oòrùn. Gígùn ọ̀sán ní tirẹ̀ ló ń sọ bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé tó.

Fóònù Android kan tí n kò lò mọ́ ni mo lò. Ojú tó ń mọ ìmọ́lẹ̀ wà lókè, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kámẹ́rà iwájú, nítorí náà mo fi ẹ̀yìn fóònù náà lélẹ̀ kí ojú rẹ̀ lè kọ sójú ọ̀run, mo sì wé e sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara nítorí ìrì. Áàpù ọ̀fẹ́ kan ń kọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ sínú fáìlì ní ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan. Mo gbé aago rẹ̀ sí UTC, aago àjùmọ̀lò àgbáyé, èyí tí aago Nàìjíríà fi wákàtí kan ṣíwájú jálẹ̀ ọdún. Ibi tí màá gbé e sí ló gba ìrònú jù. Iná tí wọ́n gbé sí iwájú ilé kejì máa ń tàn gẹ́rẹ́ tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, bí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ bá sì kan fóònù, ìṣírò yóò gbà pé ọ̀sán ṣì ń bá a lọ. Irú rẹ̀ ló máa ń dé bá ẹyẹ tó bá sùn sórí ọkọ̀ ojú omi tó tanná. Ẹ̀yìn táńkì omi ni mo gbé e sí níkẹyìn, lẹ́yìn tí mo ti ṣàlàyé fún bàbá onílé pé kì í ṣe kámẹ́rà.

Mo yan ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ kan tó kéré, mo sì ń wo ìgbà tí ìmọ́lẹ̀ kọjá rẹ̀ ní àárọ̀ àti ìgbà tó wá sísàlẹ̀ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Oòrùn kò tíì yọ nígbà náà, tàbí kí ó ti wọ̀. Ó yẹ kí a mọ bí oòrùn ṣe rẹlẹ̀ tó sí ibi tí ilẹ̀ àti ọ̀run ti pàdé lásìkò náà. Àwọn olùwádìí máa ń wọn èyí níbi tí wọ́n ti mọ ipò ẹ̀rọ dájú, èmi náà sì lo àwọn ọjọ́ kan fún un, mo sì fi àwọn ọjọ́ mìíràn pátápátá dán àbájáde wò, torí bí a bá fi ọjọ́ kan náà ṣe méjèèjì, a kàn ń tan ara wa ni. Oòrùn alára kì í bá aago rìn déédéé: ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kọkànlá ó máa ń fi nǹkan bí ìṣẹ́jú 16 yá, ní àárín oṣù Kejì ó máa ń fi nǹkan bí 14 pẹ́. Ẹ̀rọ ìṣírò oòrùn ọ̀fẹ́ tí NOAA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ojú ọjọ́ àti òkun, gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni mo fi tún èyí ṣe.

Ní oṣù Kejìlá, ibi tí mo wà láàárín ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn jáde dáadáa. Ọyẹ́ tilẹ̀ bo ojú ọ̀run, tó mú kí ilẹ̀ pẹ́ mọ́ kó sì tètè ṣú, ṣùgbọ́n àṣìṣe àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ pa ara wọn rẹ́ nínú ọ̀sán gangan. Wọn kò pa ara wọn rẹ́ nínú gígùn ọ̀sán. Ìyàtọ̀ ìṣẹ́jú mẹ́ta àbọ̀ ló dúró fún dígírì kan ní Èkó lóṣù náà, nítorí náà ọjọ́ tí ọyẹ́ bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún gé ọ̀sán kúrú, ìṣírò á gbé mi kúrò ní Yábà lọ sí ọ̀gangan Ọ̀yọ́. Ìyẹn ṣì ṣeé fara mọ́, pàápàá bí ilẹ̀ wa ṣe máa ń ṣú kíákíá, tí kì í jẹ́ kí kùrukùru yí àkókò padà púpọ̀.

Òpin oṣù Kẹsàn-án ni wàhálà wà. Ní àsìkò náà, ọ̀sán àti òru fẹ́rẹ̀ẹ́ gùn dọ́gba níbi gbogbo láyé, gígùn ọ̀sán kò sì ní ohun tó fẹ́ sọ mọ́. Ìṣẹ́jú kan ṣoṣo tó bá yẹ̀ á gbé ènìyàn lọ ní ohun tó lé ní 600 kìlómítà: ní ọjọ́ kan ìṣírò ní etí orílẹ̀-èdè Niger ni mo wà, ní ọjọ́ kejì ó ní mo wà láàárín òkun.

Àwọn tern tó ń ti Greenland bọ̀, àárín oṣù Kẹsàn-án sí Kẹwàá ni wọ́n máa ń sọ̀ kalẹ̀ gba òkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, kí àwọn kan tó tẹ̀ lé etíkun wa lọ sí gúúsù, kí àwọn mìíràn sì ré kọjá lọ sí ọ̀nà Brazil. Àwọn olùwádìí máa ń yọ ọjọ́ tó yí àsìkò ìdọ́gba ká kúrò nínú ìṣírò àríwá àti gúúsù, ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn nìkan ló máa ń kù. Ìlà tí a ń rí lórí máàpù níbẹ̀ jẹ́ afárá tí wọ́n fi so ẹ̀yìn mọ́ iwájú, èmi kò sì ní fi ọwọ́ sọ̀yà pé ẹyẹ kan gba ọ̀gangan Èkó kọjá nítorí irú ìlà bẹ́ẹ̀.

GPS ló lè yanjú rẹ̀, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí ọ̀pọ̀ olùwádìí ń tẹ̀ lé ni pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ ju ìdá 3 nínú 100 ìwúwo ẹyẹ lọ, èyí tó jẹ́ giramu mẹ́ta fún tern. Gull ńlá, ẹyẹ òkun mìíràn tó wúwo ju tern lọ, lè gbé GPS tó ń jẹ oòrùn; wọ́n ti ń so ó mọ́ Lesser Black-backed Gull ní Bẹ́ljíọ̀m láti ọdún 2013, àkọsílẹ̀ wọn sì wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí Movebank, ibi ìpamọ́ àkọsílẹ̀ ìrìn àwọn ẹranko lórí íntánẹ́ẹ̀tì, fún ẹni tó bá fẹ́ fi ṣe máàpù.