Yíyan Ọ̀nà Tó Yẹ Láti Kọ́ Ajá: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀, Ọdẹ àti Onílé ní Kétu

Kí ẹ tó kọ́ ajá ní ohunkóhun, ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kó ṣe. Ajá ọdẹ gbọ́dọ̀ lè jìnnà sí ẹni tó ni ín nínú igbó, kó sì padà bó bá ti gbọ́ fèrè. Ajá tó ń ṣọ́ oko kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ewúrẹ́ aládùúgbò. Ti ilé ọlọ́mọ wẹ́wẹ́ ní láti fara balẹ̀ láàárín ariwo, kó má sì lé zémìjàn (ọ̀kadà) tó ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà.

Pàṣán ni ọ̀pọ̀ ilé kọ́kọ́ ń mú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀. Bí ẹ bá ti ọjà dé, tí ẹ bá ìkòkò ọbẹ̀ lórí ilẹ̀, tí ẹ wá na ajá, kò lè so ìyà náà mọ́ ọbẹ̀ tó ti lá láti àárọ̀; dídé yín ló máa so ó mọ́. Bó bá ká ìrù bọ abẹ́ lọ́jọ́ kejì, ojú yín tó le ló ń bà á lẹ́rù. Èyí tí wọ́n ń nà nítorí pé ó kùn léwu jù: yóò dẹ́kun kíkùn, ẹ̀rù kò sì ní kúrò lára rẹ̀, ó lè wá bu ọmọ jẹ láìkìlọ̀.

Èrè ni kí ẹ fi kọ́ ọ. Pavlov, onímọ̀ ará Rọ́ṣíà tó gba Ẹ̀bùn Nobel ní 1904, ṣàkíyèsí pé itọ́ máa ń dà lẹ́nu ajá kí oúnjẹ tó dé, bó bá ti gbọ́ ohun tó máa ń ṣáájú oúnjẹ. Ẹ lo ìmọ̀ yìí. Ẹ fọn fèrè, kí ẹ fún un ní ẹja gbígbẹ tí kò légungun, kó má ju ẹyọ ẹ̀wà kan lọ, lójú ẹsẹ̀. Bí ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ bá kọjá, kò ní mọ ohun tí ẹ ń san án fún. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó lẹ́ẹ̀kan, nígbà tí ebi ṣì wà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Lójú tiwa, púpọ̀ nínú wọn ni ẹnikẹ́ni ò kọ́ ní fèrè rí.

Ajá mìíràn ò ka oúnjẹ sí. Ẹ fi aṣọ àkísà tó lè máa fà bá a ṣeré, ìyẹn náà èrè ni. Ẹ má fún un ní àlùbọ́sà, ṣokoléètì tàbí egungun adìẹ sísè.

Ní ti ewúrẹ́, ẹ so okùn gígùn mọ́ ajá lọ́rùn, kí ẹ dúró níbi tó ti lè rí wọn láìfò sókè. Bó bá yíjú padà sí yín, ẹ san án lẹ́san. Lọ́jọ́ mìíràn, ẹ sún mọ́ wọn díẹ̀. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa okùn, ẹ ti yá jù. Ẹ padà sẹ́yìn. Iṣẹ́ sùúrù ni, ṣùgbọ́n ó dín owó ìtanràn àti ìjà àdúgbò kù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ 3 sí 14 ni ọmọ ajá máa ń tètè mọ ayé. Ẹ jẹ́ kó rí àlejò, kó gbọ́ ẹ̀rọ alùpùpù, kó gbọ́ ìlù Gẹ̀lẹ̀dẹ́ láti òkèèrè kó tó gbọ́ ọ nítòsí.

Kí gbogbo ilé fohùn ṣọ̀kan. Bí bàbá bá ń pe “máa bọ̀”, tí àwọn ọmọ tó ti ilé ìwé dé ń pe “viens” (“máa bọ̀” lédè Faransé), ajá ò ní jẹ́ ìkankan dáadáa. Bí orúkọ rẹ̀ bá jẹ́ òwe gígùn tí a fi ń bá aládùúgbò sọ̀rọ̀, ẹ gé e kúrú fún pípè.

Ajá tó ṣàdédé di òǹrorò kò nílò ẹ̀kọ́; ẹ pe dókítà ẹran. Ẹ gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi fún un bó bá pé oṣù 3, kí ẹ sì máa tún un gbà bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ ṣe é. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ọgbẹ́ fún ìṣẹ́jú 15, kí ẹ sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, ìbáà ṣe ajá ilé yín.