Tí ẹ bá pín iṣẹ́, ẹ pín àṣẹ mọ́ ọn

Ẹ̀yin alásè tí ẹ jọ ń se oúnjẹ òde, ẹ má pín iṣẹ́ nìkan, ẹ pín àṣẹ mọ́ ọn. Ẹni tó wà nídìí ìrẹsì ni kó sọ ìgbà tí wọ́n á fa igi jáde. Ẹni tó ń dín ẹran ni kó sọ iye tó máa kan àwo kọ̀ọ̀kan. Tí ọ̀gá bá ní àtúnṣe, kó pe onítọ̀hún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kó má pariwo lé e lórí lójú gbogbo ènìyàn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ pín àṣẹ ni pé ìrẹsì kì í dúró de ọ̀gá. Ọmọ iṣẹ́ á ti gbóòórùn pé ìsàlẹ̀ ìkòkò ń jóná, àmọ́ á ṣì máa wá ẹni tó máa ní kó fa igi jáde. (Èéfín díẹ̀ dùn nínú ìrẹsì òde lóòótọ́, àpọ̀jù rẹ̀ ni wàhálà.) Lóde tó bá tẹ̀ lé e, kí onírẹsì àti ẹlẹ́ran pààrọ̀ ipò, kí kálukú lè mọ ibi tí bàtà ti ń ta ẹnì kejì lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ owó nìkan ni kí ẹ má pín o: ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa bá olóde dúnàá-dúrà, kí olóde má baà gbọ́ iye méjì.