Àwọn Àṣìṣe tí ó Wọ́pọ̀ Nínú Àbá Nípa Abàmì Ẹ̀dá tí ó Fara Pamọ́ Nínú Ìtàn Ọmọdé

Ìtàn àròsọ amúnibẹ̀rù tí a kọ fún ọmọdé kì í sọ gbogbo ohun tí ó mọ̀. Inú àyè tí ó fi sílẹ̀ ni àwọn olólùfẹ́ ìtàn ti máa ń dá àbá pé abàmì ẹ̀dá kan wà níbẹ̀ tí òǹkọ̀wé kò dárúkọ. Iṣẹ́ tí ó dára ni, nítorí pé ó ń mú kí ènìyàn padà sí ìwé tí ó ti kà tẹ́lẹ̀, kí ó sì fara balẹ̀ kà á. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn àbá tí ó tàn kálẹ̀ jù lọ ni kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, ohun kan náà ni ó sì sábà máa ń bà wọ́n jẹ́: ẹni tí ó dá àbá náà ti pinnu ohun tí abàmì náà jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀rí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo bí òǹkọ̀wé tí ó mọṣẹ́ ṣe ń fi abàmì pamọ́. Nínú Harry Potter and the Chamber of Secrets, ìwé J. K. Rowling tí ó jáde ní ọdún 1998, ejò ńlá kan tí ojú rẹ̀ ń pani ni ó ń rìn kiri inú ilé ẹ̀kọ́. Kí àṣírí tó tú, ìwé náà ti sọ fún wa pé Harry, akẹ́kọ̀ọ́ kan níbẹ̀, nìkan ni ó ń gbọ́ ohùn kan láti inú ògiri, pé ẹnìkan ń pa àwọn àkùkọ, pé àwọn aláǹtakùn ń sá jáde, àti pé àwọn tí abàmì náà kọlù gan bí òkúta, wọn kò kú. Ìdáhùn kan ṣoṣo ni ó tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Harry gbọ́ èdè ejò, ejò náà ń gba inú páìpù kọjá, kíkọ àkùkọ ni ikú rẹ̀, aláǹtakùn a sì máa sá fún un. Kò sì sí alààyè kankan nínú àwọn tí ó gan náà tí ó wò ó lójú tààrà, nítorí pé wọ́n rí i nínú omi, nínú kámẹ́rà, nínú dígí, tàbí láti ẹ̀yìn iwin kan. Ìwé fúnra rẹ̀ ni ó béèrè àwọn ìbéèrè wọ̀nyí kí ó tó dá wọn lóhùn. Àṣìṣe àkọ́kọ́, tí mo kà sí èyí tí ó wúwo jù, ni kí a máa dáhùn ìbéèrè tí ìtàn kò béèrè rárá.

Àṣìṣe kejì ni pípa ìwé àti fíìmù pọ̀ bí ẹni pé ohun kan náà ni wọ́n. Coraline, ìtàn ọmọbìnrin kan tí ó gba ẹnu ilẹ̀kùn kan wọ ayé kejì, níbi tí abàmì kan ti ń ṣe bí ìyá rẹ̀, ni ó jìyà èyí jù. Ìwé Neil Gaiman jáde ní ọdún 2002, fíìmù Henry Selick sì jáde ní ọdún 2009. Nínú fíìmù, ọmọláńgidi kan wà tí ó jọ Coraline, tí Ìyá Kejì olójú bọ́tìnnì fi ń ṣọ́ ọ, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wybie sì wà tí ó gbèjà rẹ̀ ní ìparí. Kò sí ọ̀kankan nínú àwọn méjèèjì nínú ìwé: Coraline nìkan ni ó dẹ pàkúté lórí kànga fún ọwọ́ Ìyá Kejì, tí ó ti gé kúrò lára rẹ̀ tí ó sì ń dá rìn, tí ó fi tan ọwọ́ náà wọ inú ihò. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fi ọmọláńgidi náà ṣe ẹ̀rí lè sọ nǹkan nípa fíìmù, ṣùgbọ́n kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ pé òun ti tú àṣírí tí òǹkọ̀wé fi sínú ìwé. Ó yẹ kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ń dá àbá sọ ní gbólóhùn àkọ́kọ́ èwo nínú méjèèjì ni òun ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Fíìmù yìí kan náà ni ó bí àbá tí ó gbajúmọ̀ pé Coraline kò kúrò nínú ayé kejì náà rárá, àti pé gbogbo ayọ̀ ìparí jẹ́ ẹ̀tàn tí Ìyá Kejì hun. Ìṣòro rẹ̀ ni pé kò sí ohun tí ó lè já a ní koro. Tí a bá tọ́ka sí pé àwọn òbí padà wá sílé, àwọn tí ó dá àbá náà á ní abàmì ni ó ṣe àwòrán wọn. Tí a bá ní àwọn ọmọ tí ó kú sọ́wọ́ Ìyá Kejì tẹ́lẹ̀ gba òmìnira, wọn á ní ìyẹn náà jẹ́ ẹ̀tàn. Àbá tí ohun gbogbo jẹ́ ẹ̀rí fún kò ní ẹ̀rí kankan. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àbá pé ọmọ inú ìtàn ti kú láti ìbẹ̀rẹ̀, tàbí pé ó wà lójú oorun. A lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìtàn yòówù láì ka ìtàn náà dé ìdajì.

Ẹ wá jẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí My Neighbor Totoro, fíìmù tí Hayao Miyazaki darí ní ọdún 1988, nítorí pé ó kó àṣìṣe mẹ́ta jọ sójú kan. Àbá kan tí ó tàn kálẹ̀ sọ pé Totoro, ẹ̀dá inú igbó tí àwọn ọmọbìnrin méjì bá pàdé, jẹ́ òrìṣà ikú, pé Mei kékeré ti rì sínú omi, àti pé Satsuki ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ bá a ní ọ̀run. Ẹ̀rí wọn àkọ́kọ́ ni sálúbàtà kan tí wọ́n rí nínú adágún. Ṣùgbọ́n Satsuki wo sálúbàtà náà, ó sì sọ pé kì í ṣe ti Mei. Kí àbá náà lè dúró, àfi kí a ní irọ́ ni Satsuki pa, bẹ́ẹ̀ kò sí ohunkóhun nínú fíìmù tí ó fi hàn pé ó purọ́. Ẹ̀rí kejì ni pé àwọn ọmọ náà kò ní òjìji ní apá ìparí. Ilé iṣẹ́ Ghibli, tí ó ṣe fíìmù náà, dáhùn ní ọdún 2007 pé kò sí òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, àti pé wọn kò ya òjìji nítorí pé wọn kò rí i bí ohun tí ó pọn dandan níbẹ̀. Ọwọ́ ni wọ́n fi ya fíìmù yìí, ohun tí ayàwòrán bá sì fi sílẹ̀ lè jẹ́ láti dín iṣẹ́ kù, kì í ṣe àmì. Àwọn àwòrán ìparí tún fi ìyá wọn hàn bí ó ti ń padà wá sílé.

Apá kẹta ni ó ń dùn mí jù. Wọ́n so àbá náà mọ́ ìpànìyàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní Sayama, ní ilẹ̀ Japan, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1963, níbi tí wọ́n ti pa ọmọbìnrin ọlọ́dún 16 kan, nítorí pé agbègbè ìtàn náà súnmọ́ ibẹ̀, tí orúkọ àwọn ọmọ náà sì jẹ mọ́ oṣù Karùn-ún. Ọmọ yẹn gbé ayé rí, ó sì ní ẹbí. Kí a má ṣe fi ikú ẹni gidi ṣe ohun ọ̀ṣọ́ fún àbá tí kò tíì rí ẹ̀rí kan ṣoṣo.

Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú gbólóhùn kan ṣoṣo. Nínú Peter and Wendy, ìwé ìtàn Peter Pan tí J. M. Barrie tẹ̀ jáde ní ọdún 1911, a sọ pé Peter, ọmọkùnrin tí kì í dàgbà, a máa dín iye àwọn ọmọ tí ó sọnù tí ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ kù tí ó bá jọ pé wọ́n ń dàgbà. Gbólóhùn náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, ó sì ń dẹ́rù bani, ṣùgbọ́n kò sọ bí ó ṣe ń dín wọn kù. Ẹni tí ó bá ní Peter ń pa wọ́n ní láti sọ pé ìtumọ̀ òun ni, kì í ṣe ọ̀rọ̀ Barrie.

Ìtẹ̀jáde tún ṣe pàtàkì nínú ìtàn àtijọ́. Àwọn kan ní àjẹ́ inú ìtàn Hansel àti Gretel àti ìyàwó bàbá àwọn ọmọ náà jẹ́ ẹ̀dá kan ṣoṣo, wọ́n sì fi jíjẹ́ tí kì í ṣe ìyá tí ó bí wọn ṣe ẹ̀rí. Nínú ìtẹ̀jáde àkọ́kọ́ tí àwọn tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Grimm gbé jáde ní ọdún 1812, ìyá tí ó bí wọn ni. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n tó yí i padà. Ohun tí kò yí padà ni pé obìnrin náà ti kú nígbà tí àwọn ọmọ dé ilé lẹ́yìn tí wọ́n pa àjẹ́ náà, orí èyí sì ni ó yẹ kí àbá náà dúró lé.

Níkẹyìn, kí àgbàlagbà má ṣe sọ àbá fún ọmọ kékeré bí ẹni pé inú ìtàn ni ó ti wá. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí Coraline mọ̀ pé ọwọ́ náà ti wà nínú kànga, ó sì lè sùn. Bí a bá sọ fún un pé ayé kejì kò parí, a ti gba ìparí tí òǹkọ̀wé fún un lọ́wọ́ rẹ̀, láì fún un ní ìwé tí ó lè fi já wa ní koro. Kí a dúró títí yóò fi lè ṣí ìwé náà fúnra rẹ̀, kí ó sì bi wá pé ojú ìwé wo ni a ti rí i.