Ẹja Tí Kò Kú: Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ṣíṣàyẹ̀wò Ewu Kẹ́míkà fún Ẹ̀dá Inú Omi

Àṣìṣe tí mo kà sí èyí tí ó burú jù lọ ni kí a ka iye ẹja tí ó kú nínú ìdánwò wákàtí 96, níbi tí a ti ń fi ẹja sínú omi tí kẹ́míkà wà, kí a sì fi ìyẹn nìkan parí ọ̀rọ̀. Ìdánwò náà wúlò, nítorí òun ni ó ń sọ ìwọ̀n kẹ́míkà tí yóò pa ìdajì àwọn ẹja náà fún wa. Bí ìwọ̀n yìí kò bá ju míligíráàmù 1 nínú lítà omi kan lọ, GHS, ìlànà tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi ń pín kẹ́míkà sí ìpele ewu, yóò fi kẹ́míkà náà sí ìpele kìíní, níbi tí ewu ti le jù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìpalára kì í yọjú láàárín ọjọ́ mẹ́rin.

Ẹ wo tributyltin, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà ìdí ọkọ̀ ojú omi nígbà kan rí kí ẹ̀dá òkun má baà lẹ̀ mọ́ ọn. Ní etíkun Yúróòpù, nǹkan bí ìdá kan nínú mílíọ̀nù míligíráàmù nínú lítà kan ti tó láti mú kí ẹ̀yà ara akọ hù lára abo ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní dog whelk, títí ọ̀nà ẹyin rẹ̀ yóò fi dí. Ìgbín náà wà láàyè, ṣùgbọ́n kò lè yé ẹyin mọ́, bẹ́ẹ̀ ni ìran rẹ̀ ṣe ń pòórá. Ilẹ̀ Faransé fòfin de ọ̀dà náà fún àwọn ọkọ̀ kéékèèké ní ọdún 1982, lẹ́yìn tí oyster, ẹ̀dá omi oníkarahun, inú ọ̀sà Arcachon kò bí sí i mọ́. Àdéhùn àgbáyé tí ó fòfin dè é kò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí di ọdún 2008. Ó dùn mí pé ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má sì ṣe fi ẹja nìkan ṣe òṣùwọ̀n. Atrazine, oògùn koríko tí àwọn àgbẹ̀ ń fọ́n sí oko àgbàdo, máa ń ṣe àwọn ewéko wíwẹ́ inú omi léṣe ní ìwọ̀n tí ó kéré púpọ̀ sí èyí tí yóò pa ẹja, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ewéko yìí ni oúnjẹ Daphnia àti àwọn kòkòrò omi mìíràn tí ẹja ń jẹ.

Àwọn kan a tún dán èròjà pàtàkì inú oògùn wò, wọn a fi ohun tí ó wà nínú ike gan-an sílẹ̀. Nínú oògùn koríko kan tí glyphosate jẹ́ èròjà pàtàkì rẹ̀, èròjà bí ọṣẹ tí wọ́n fi kún un, POEA, léwu fún ẹja ju glyphosate fúnra rẹ̀ lọ dáadáa.

Ìwọ̀n tí a dà sínú omi kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ ìwọ̀n tí ẹja bá pàdé, nítorí kẹ́míkà mìíràn a máa lẹ̀ mọ́ ara ìgò tàbí kí ó fẹ́ lọ. Nítorí náà, ẹ wọ̀n ọ́n nínú omi náà. Ẹ sì kọ irú omi náà sílẹ̀. Calcium inú omi máa ń dí bàbà (copper) lọ́wọ́ ní ibi tí ẹja ń gbà mí, nítorí náà ẹni tí ó dán bàbà wò nínú omi tí calcium pọ̀ sí kò gbọdọ̀ gbé ìwọ̀n tí ó rí lọ lo fún odò tí calcium rẹ̀ kéré.