Irú kíréènì wo ló bá ṣọ́ọ̀bù yín mu?

Kí ẹ tó bèèrè iye owó kíréènì, ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù wúwo sókè, ẹ mọ ìwọ̀n ẹrù tó wúwo jù tí ẹ máa gbé, kí ẹ sì ka okùn àti ìkọ́ mọ́ ọn. Bí àpapọ̀ bá jẹ́ tọ́ọ̀nù 1.6, ti tọ́ọ̀nù 2 ni kí ẹ rà.

Mẹkáníìkì tó ń yọ ẹ́ńjìnì ní Àpò, ní Àbújá, kò nílò ju èyí tó ní ẹsẹ̀ àti táyà lọ, pẹ̀lú ṣéènì tí wọ́n ń fọwọ́ fà. Kò nílò iná rárá. Ṣùgbọ́n orí kọ́ńkéré tó tẹ́jú nìkan ni kí ẹ ti máa tì í.

Èyí tó ní òpó kan àti apá tó ń yí dára fún ìdí máṣíìnì kan ṣoṣo. Ìpìlẹ̀ ló máa ń dà á láàmú: ẹrù tó wà ní ìparí apá ń fà á wó, kọ́ńkéré tínínrín kò sì lè di bóòtì mú.

Ilé-iṣẹ́ ńlá, bíi ti Ìdù ní Àbújá tàbí ti Kánò, ló yẹ fún èyí tó ń rìn lókè lórí irin méjì. Bí irin méjèèjì kò bá jìnnà síra bákan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, táyà irin rẹ̀ yóò máa há, yóò sì jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ̀kan nínú wáyà iná mẹ́ta tó ń gbé iná wá (fíìsì) bá lọ, mọ́tò lè jóná. Ẹ fi ohun tó máa pa mọ́tò fúnra rẹ̀ nígbà náà sí i.

Lásìkò ọyẹ́, ẹ nu eruku kúrò lára ṣéènì kí ẹ tó fi ọ́ìlì sí i, torí eruku inú ọ́ìlì ń jẹ irin.