Ẹ Má Da Omi Sí Ilẹ̀ Pákó

Ẹni tí ilé bàbá rẹ̀ ní Ọ̀fà, Òmù-Àrán tàbí ìgboro Ìlọrin bá jẹ́ pẹ́tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí wọ́n fi pákó tẹ́ òkè rẹ̀ ní dúkìá lọ́wọ́. Ìrókò àti apá kì í ṣe igi yẹpẹrẹ. Ohun tó sì ń bà wọ́n jẹ́ jù kì í ṣe ọjọ́ orí, omi tí àwa fúnra wa ń dà sí wọn ni, pàápàá nígbà tí a bá ń fọ ilé de Iléyá tàbí Kérésìmesì.

Sìmẹ́ńtì gba kí èèyàn da garawa omi sílẹ̀ kó fi ìgbálẹ̀ gbá a jáde. Pákó kò gbà á. Omi á gba àlàfo wọlé, pákó á wú, etí rẹ̀ á gbé sókè. Ibi tí kò bá tètè gbẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í rà, ikán á sì gbọ́ òórùn rẹ̀.

Gbígbá ni iṣẹ́ ojoojúmọ́, torí iyanrìn ìdí bàtà ń ha igi. Bíbọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, tó ti mọ́ wa lára tẹ́lẹ̀, ń gbà wá níbẹ̀. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, ẹ po ọṣẹ dúdú tí kò ju orí àtàǹpàkò lọ mọ́ ààbọ̀ garawa omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ẹ ki aṣọ bọ̀ ọ́, ẹ fún un títí tí kò fi ní kán mọ́, kí ẹ tó fi nu ilẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ gbígbẹ tẹ̀ lé e. Eérú wà nínú ọṣẹ dúdú. Bó bá pọ̀ jù, igi á ṣú. Bílíìsì àti kẹrosíìnì, ẹ gbàgbé wọn: ọmọ tó ń rákò á fọwọ́ pa á, á sì ki ọwọ́ náà bọ ẹnu.

Ẹ wá àwo sí abẹ́ búùtà àlùwàlá. Mo ti rí àmì roboto dúdú tí ìdí búùtà kọ sára ìrókò, nínù lásán kò lè mú un kúrò.

Kí ẹ tó fi nǹkan pa pákó, ẹ kán omi sí i. Bó bá dúró bí ìrì lórí ewé kókò, fánìṣì rẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Òróró kò ní wọlé, yíyọ̀ ni yóò máa yọ àwọn àgbà. Bí igi bá mu omi náà, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ nìyẹn. Òrí àti àdín ló máa ń kọ́kọ́ wá sí wa lọ́kàn, àmọ́ wọn kì í gbẹ, eruku á sì lẹ̀ mọ́ wọn. Ìda oyin ló dáa. Ẹ yọ́ ife 1 rẹ̀ nínú àwo tó wà nínú omi gbígbóná, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, ẹ da ife òróró linsíìdì (òróró èso fláàsì, tó máa ń gbẹ lára igi) 3 sí i, ẹ rò ó pọ̀. Ẹ pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí ẹ nu àṣẹ́kù kúrò.

Aṣọ tí ẹ fi pa á ńkọ́? Ẹ má ká a jọ sí igun ilé o! Linsíìdì máa ń mú ooru jáde bó ti ń gbẹ, aṣọ tó kó jọ lè gbiná fúnra rẹ̀. Ẹ tẹ́ ẹ síta títí yóò fi gan.

Nígbà ọyẹ́, pákó á súnkì, àlàfo á ṣí. Ẹ má kánjú dí i. Òjò á tún mú igi wú, ohun tí ẹ kì sáàárín á wá máa ti pákó sókè.

Bí òjò bá bẹ̀rẹ̀, ẹ yẹ ògiri ìsàlẹ̀ wò. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ tóóró níbẹ̀, ikán ti ń gòkè. Ẹ fá a dànù, kí ẹ padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ 3. Bí wọ́n bá tún un mọ, ẹ pe káfíńtà kó fi òòlù lu pákó òkè wò: èyí tó bá ń dún bí ìlù, inú rẹ̀ ti ṣófo.